Oyún Tí Màmá Aránṣọ Fẹnu Dá

Òmùgọ̀ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, Màmá Aránṣọ ni. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa di ẹ̀bi ru nọ́ọ̀sì tàbí aládùúgbò. Màmá yìí, tó fi abẹ́rẹ́ àti òwú tọ́ ọmọ yanjú, tó sanra débi pé bó bá fìdí lélẹ̀, àga ìránṣọ rẹ̀ á ké gbàjarè, òun fúnra rẹ̀ á sì dá a lóhùn pé, "Má sunkún, èmi náà ni," òun ló jókòó lórí àga yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó gé irọ́ láìwọ̀n ọ́n, tó sì rán an mọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ lára.

Kókó ni dókítà rí nínú ọmú ọmọ náà. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe. Wọ́n yẹ kókó wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ máa fa oògùn sí i nínú iṣan kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Kẹ́mò ni àwọn tó ti gbà á rí ń pe oògùn náà. Ọkọ Tíṣà, tó ń ya àwòrán fún àwọn èèyàn jẹun, tí wọ́n sì sọ ní Fọ́tò, ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ sétí. "Ẹ ní ibà ni," ló wí. Màmá rò ó wò. Irú ibà wo ni yóò máa gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn léraléra, tí yóò máa mú un bì, tí yóò tún mú un jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù? Ibà kò tó irọ́. Nígbà tí aládùúgbò wọn wá na ọrùn gba orí ògiri, tó ní, "Màmá, kí ló ń ṣe Tíṣà wa?", ẹnu Màmá ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní, "Ó ti fẹ́ra kù ni o!"

Ẹ tún wá wo ẹni tó sọ ọ́ fún. Rédíò ni wọ́n ń pe aládùúgbò yìí. Ẹlòmíràn á bínú sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Òun kì í bínú, ó ní rédíò tí kò bá sọ̀rọ̀, ó ti bàjẹ́ ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ẹni tó ń ta èédú lẹ́yìnkùlé ti ń kí Màmá kú oríire. Màmá sì dúpẹ́. Ẹ gbọ́ o: ó dúpẹ́!

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Tíṣà máa gba kẹ́mò àkọ́kọ́, yàrá ìránṣọ kún. Ìgbà kẹta nìyí tí ilé ìwòsàn máa yan ọjọ́ fún un. Nígbà àkọ́kọ́, ó dé ẹnu géètì, ó yí padà, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Nígbà kejì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ títí aago fi lọ. Dókítà ti sọ ọ́ kedere pé kókó kì í dúró de ẹni tó ń bẹ̀rù. Bí ti òní náà bá tún bọ́, Màmá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọmọ yìí kò ní dé ibẹ̀ mọ́ láé.

Ìdí nìyẹn tí obìnrin méjì fi wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Oníbúrẹ́dì, tí iná ààrò ti fi àpá sí lápá, ti gba kẹ́mò tirẹ̀ parí lọ́dún tó kọjá. Irun tó hù padà sí i lórí rọ̀ bí ìyẹ́ òròmọdìyẹ. Awakọ̀, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ńlá, máa bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lónìí gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà. Níbi tí wọ́n ti ń jókòó de dókítà ni wọ́n ti mọra. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn: ẹni tó ti parí á mú ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà á jọ gé irun wọn kúrò lórí kí oògùn tó wá gé e.

"Kí olè wọlé, kó má bá nǹkan kan jí," bí Oníbúrẹ́dì ṣe máa ń wí nìyẹn.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ jókòó. Nígbà tí ẹ̀rọ ìgérun ọwọ́ Oníbúrẹ́dì parí iṣẹ́, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wa ọkọ̀ lóru, n kò nílò iná iwájú mọ́."

Màmá ń rán fìlà fún wọn nínú àjákù aṣọ òwú tó rọ̀. Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Màmá, ẹ yí ojú ìrán síta. Orí tí kò nírun, òwú lásán máa ń gún un bí ẹ̀gún ni."

"Ṣé kí n wá máa rán aṣọ sódì lójú ayé mi?"

"Ẹ rán an sódì, Màmá. Àìsàn yìí fúnra rẹ̀, ṣé ó dojú kọ ibi tó yẹ ni?"

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Màmá tú ìrán rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó wá kan Tíṣà. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn létí rẹ̀.

"Ṣé èébì yẹn pọ̀?" ló bi Oníbúrẹ́dì.

"N kò ní purọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ó pọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì tí mo yan fún oníbàárà tán, mo wá ń bẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa jẹun. Bí ṣíbí irin bá ń dà bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ lò ń lá, lo ti igi. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná, má gbé e pamọ́, má sì lo oògùn kankan nílé. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́."

"Awakọ̀, ṣé ìwọ náà gbọ́?"

"Mo gbọ́, ọ̀gá tíṣà," Awakọ̀ wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ìdajì orí rẹ̀ ti lọ, ìdajì ṣì kù, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

"Ẹ kúulé o, ẹ̀yin èèyàn ayọ̀!" Rédíò nìyẹn, ó gbá ìrọ̀rí ńlá kan mọ́ àyà. Ó wo ilẹ̀ tó kún fún irun. "Yéè! Ta ló ń gé irun aboyún?"

Ẹ̀rọ ìgérun dákẹ́. Oníbúrẹ́dì wo Awakọ̀, Awakọ̀ wo Tíṣà, Tíṣà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Aboyún wo?" Tíṣà bi í.

"Ìwọ kẹ̀! O tún fẹ́ fi pamọ́ fún mi? Màmá ti sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ti pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì nílé ìwòsàn. Mo ní ẹ̀ ń bọ̀ lónìí, mo fún un lórúkọ rẹ, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí aboyún wa dúró lórí ìlà. Ìrọ̀rí nìyí. Ẹ̀yìn ni kó o máa fi sí, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń dùn." Ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀, ó kí gbogbo wọn kú ìnáwó ìkómọ tó ń bọ̀, ó sì jáde lọ tayọ̀tayọ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́, ó tún ń ṣàn lọ sábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Màmá." Ohùn Tíṣà kéré bí ohùn tó fi ń pe ọmọ tó jí ìwé ẹnìkejì. "Oyún?"

"Ọmọ mi, ó kàn bọ́ sí mi lẹ́nu ni."

"Ó bọ́ sí yín lẹ́nu, kò bọ́ sí mi níkùn!"

Fọ́tò sáré jáde láti ilé ìdáná. Ẹyin tó ń dín ń rùn lẹ́yìn rẹ̀ pé òun ti jóná. "Mo ní kí ẹ sọ pé ibà ni! Ibà! Ṣé ibà le láti pè ni?"

"Irọ́ tìrẹ há jù, kò wọ̀ mí!" Màmá dìde, àga ké. "Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé irọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, èmi kàn tú u fẹ̀ ni!"

"Ta ló ní kí ẹ tú u fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi wọ inú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin méjèèjì," Oníbúrẹ́dì ní, "kí ló dé tí ẹ kò kúkú sọ òótọ́?"

Fọ́tò yíjú sí i. "Kí wọ́n máa wo ìyàwó mi bí òkú tó ń rìn? Kí àwọn òbí máa ní kó má fọwọ́ kan ọmọ àwọn? Ẹ̀yin náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ tiyín, ṣé wọn ò pa búrẹ́dì yín tì?"

Lóòótọ́ ni. Wọ́n pa á tì. Wọ́n ní ó máa ràn wọ́n, bí ẹni pé àìsàn náà ni ìwúkàrà tí Oníbúrẹ́dì fi pò ó. "Wọ́n pa á tì," Oníbúrẹ́dì wí. "Àwọn kan padà wá, àwọn kan ò padà. Ṣùgbọ́n àwọn tó padà wá, mo mọ̀ wọ́n. Ọkọ Tíṣà, adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ ti fi ìyẹ́ bo obìnrin yìí débi pé òun fúnra rẹ̀ ò rí èémí mí."

Fóònù Tíṣà ló dáhùn fún gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń fa kẹ́mò ni. Ó sọ̀rọ̀ kíkankíkan, gbogbo yàrá sì ń gbọ́ ọ. Wọ́n ti wá sọ fún òun láti ibi káàdì pé aláìsàn òun lóyún. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ? Ṣé wọ́n mọ ohun tí oògùn yìí lè ṣe fún ọmọ inú? Dókítà ti ní kí wọ́n dá a dúró. Kí Tíṣà má ṣì wá. Wọ́n á fi àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ wo nǹkan tó bí Màmá nínú jù lọ lọ́jọ́ yẹn: ojú ọmọ náà tú ká. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ọ̀kan, èkejì, ó sì tò wọ́n sábẹ́ àga bí ẹni tó dé láti ìrìn àjò.

"Ó dáa náà," ló wí. "Bóyá Ọlọ́run ni kò fẹ́."

"Ọlọ́run wo?" Màmá pariwo. "Má fi Ọlọ́run sí i! Èmi ni! Ẹnu mi yìí ni! Ọlọ́run ò mọ nǹkan kan nípa oyún yẹn!"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sinmi lónìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó lọ."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí, kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta. Oníbúrẹ́dì ti mú fóònù, ó ti pe nọ́ọ̀sì padà, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń yí ká bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun. Kò sí oyún, nọ́ọ̀sì, irọ́ àgbà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó gbà. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń po oògùn máa ń tètè kúrò níbi iṣẹ́, tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ká gbéra báyìí."

Tíṣà kò dìde.

Fọ́tò ní, "Ẹ má fipá mú un." Màmá ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kó lọ pa iná ẹyin. Oníbúrẹ́dì bẹ̀ ẹ́. Màmá tún bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ pàápàá, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ, orúnkún rẹ̀ dún, kò sì mọ bí òun ṣe máa dìde. Tíṣà kàn ń wo irun tó wà nílẹ̀.

Láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Awakọ̀ ti sọ̀rọ̀. Kò fi ṣe àwàdà. "Mo ti wa ọkọ̀ tí bíréèkì ẹ̀ já wá sílẹ̀ láti orí òkè rí," ló wí. "Mo ń kọrin nígbà yẹn. Lánàá, n kò sùn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sọ fún ara mi pé, Tíṣà á wà níbẹ̀, àga rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ohun tí mo fi dìde láàárọ̀ yìí nìyẹn. Tíṣà, n kò lè dá jókòó síbẹ̀. N kò lè ṣe é. Mo ti fá orí mi báyìí, ojú á tì mí láti sá."

Èéfín ẹyin jíjóná gba inú yàrá kọjá. Tíṣà na ẹsẹ̀ sábẹ́ àga, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá bàtà kan, ó wọ̀ ọ́. Ó wá èkejì.

"Ẹ gé èyí tó kù," ló wí. "N kò lè fi ààbọ̀ orí wọ ọkọ̀."

Ọkọ̀ búrẹ́dì ló gbé wọn. Kí wọ́n tó ti Màmá wọlé láàárín àwọn pákó tí wọ́n ń to búrẹ́dì lé, ó di iṣẹ́. Fọ́tò fa ọwọ́, Oníbúrẹ́dì ti ìdí. "Ẹ tì í dáadáa," Màmá ní, "ẹ má bẹ̀rù, kò ní fọ́, ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wú!" Tíṣà, tó ń bínú sí i títí di ìgbà yẹn, fi fìlà bo ẹnu rẹ̀ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà, Awakọ̀ ò jẹ́ kí Oníbúrẹ́dì sinmi: yí jíà, Ọlọ́run mi, ṣé ò ń gbọ́ bí ọkọ̀ yìí ṣe ń sunkún ni, yí jíà!

Ìlà gùn lẹ́nu ibi káàdì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Rédíò rí wọn lókèèrè, ó sì ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. "Ẹ yà fún aboyún o! Ẹ fún un láyè!" Bàbá arúgbó kan dìde, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan súre fún ikùn Tíṣà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ní kí wọ́n má jẹ́ kó dúró sínú oòrùn. Inúure kún ibẹ̀ débi pé èèyàn lè rì sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà ti jáde, ojú rẹ̀ le. "Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́ báyìí? Níbí wọ́n ní ó lóyún, lórí fóònù wọ́n ní kò lóyún. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?"

Màmá wo òkè. Màmá wo ilẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá sì tóbi. Láti ọjọ́ tí dókítà ti pe orúkọ àìsàn náà, kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. "Nǹkan yẹn" ló ń pè é. "Ọ̀rọ̀ yẹn."

"Èmi ni," ló wí. Ohùn tó fi ń pe oníbàárà láti òdìkejì títì ló fi sọ ọ́, kò ní òmíràn. "Èmi ni mo parọ́. Ọmọ mi ò lóyún. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe é. Jẹjẹrẹ! Ẹ ṣé tí ẹ yà fún un, ẹ má padà sójú ìlà o, ó ṣì yẹ kí ẹ yà fún un!"

Obìnrin tó súre fún ikùn fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnìkan sún ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn díẹ̀. Màmá rí i. Bàbá arúgbó nìkan ni kò padà sórí àga rẹ̀. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i pé kí Tíṣà jókòó.

Fọ́tò wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ gba báàgì ìyàwó rẹ̀, báàgì obìnrin tó ní òdòdó lára, ó gbé e kọ́ èjìká níwájú gbogbo èèyàn, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

Wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n jókòó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé, ó ní kò sí oyún kankan, ó wo Màmá látòkè délẹ̀, ó sì ní bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ bí ọmọ fún aláìsàn òun, kó kọ́kọ́ bi òun léèrè. Màmá ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi, ẹ nà mí." Wọ́n ti rí ẹni tó ń po oògùn mú ní ẹnu géètì.

Àga méjì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti ojú dígí ilẹ̀kùn, fìlà méjì péré ni Màmá ń rí, ojú ìrán wọn wà níta. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, fìlà kan gbọ̀n. Fìlà kejì sún mọ́ ọn. Oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n délé. Tíṣà ti sùn. Fọ́tò jókòó tì í, ó gbé bàsíà dání bí ẹni tó ń dúró de òjò. Màmá lọ sẹ́nu ògiri. Rédíò wà níbẹ̀ lórí àpótí, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Kò gbójú sókè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè é.

"Rédíò mi," Màmá ní, "wá nà mí. Gbogbo èèyàn ló ti nà mí lónìí, ìwọ nìkan ló kù."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa kí èèyàn kú oríire àìsàn," Rédíò wí. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n gbé ìrọ̀rí wá. Kí ni mo ṣe fún yín, Màmá?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ẹnu rẹ ló bà mí."

"Ẹnu mi." Rédíò rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó gbé ìrẹsì kúrò lórí ẹsẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń bọ̀, ó sún mọ́ ògiri, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi tí Màmá kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé.

"Ká ní òótọ́ lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, Màmá, èmi náà ìbá ti fi kókó tèmi hàn yín."